Ilẹ̀ Ibo ni Ishbel Kú Sí?

Ẹ jókòó, Àǹtí Wilma. Rárá o, ẹ má gbé kéèkì yẹn lé tábìlì, ẹ gbé e dání bẹ́ẹ̀! Tíì gan-an mi ò ní fi lọ̀ yín, kí Ọlọ́run dárí jì mí, torí nínú ilé yìí a kì í jẹ́ kí àlejò jókòó lẹ́nu gbígbẹ, ṣùgbọ́n ta ni àlejò lónìí? Ẹ bá mi ka ohun tó wà lára páálí pẹlẹbẹ tí ẹ mú wá pẹ̀lú ìborùn yẹn. Ẹ kà á sókè. Ẹ ò lè kà á? Èmi á kà á: "Ìborùn ọmọ tuntun. Ishbel Riach. Ẹ̀bùn Àlejò." Àlejò! Ishbel ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n pè ní àlejò níbi ìdíje iṣẹ́ ọwọ́ yín! Yéè!

Ishbel tí wọ́n bí sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri yìí, yàrá tí wọ́n bí bàbá wa sí, Ishbel tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan nílé ìwé, tí ẹ jọ ń jí èso ká lọ́gbà pásítọ̀! Ta ló kọ́ yín ní aṣọ híhun, ẹ̀yin tí ìbọ̀sẹ̀ yín kan ṣoṣo lè gba ẹsẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Gbogbo ìgbà òtútù ló fi hun ìborùn yẹn lórí ibùsùn, tí àìsàn ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ bí kòkòrò ṣe ń jẹ aṣọ inú àpótí. Ọjọ́ tó parí ẹ̀, ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó ẹ̀, àbí kí n ní òrùka fúnra ẹ̀ ló bọ́, torí ìka ti di egungun. Ó ní, "Netta, fà á gba ibí kọjá." Mo ti etí ìborùn bọ inú òrùka, bí a ṣe ń dán ìborùn tó fẹ́lẹ́ wò, mo fà á, gbogbo ẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́ bí èéfín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ tó wà nínú mi yìí la máa fi wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, òun fẹ́ kí àwọn obìnrin Banffshire, àgbègbè tí wọ́n bí wa sí, rí i níbi ìdíje, kí wọ́n fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó lọ. Gbogbo ohun tó béèrè láyé nìyẹn, Àǹtí Wilma. Kò béèrè ju ìyẹn lọ!

Ẹ̀yin sì ni alága ìdíje náà. Ẹ ní ìjọba ti tún ilẹ̀ pín. Ẹ ní odò ẹ̀yìn ilé wa ti di ààlà, pé àwa níhìn-ín ti di ará Moray, àgbègbè míì, pé ẹ̀yin òdì kejì nìkan ló kù tí a lè pè ní Banffshire. Ta ló lọ sọ fún odò? Àgùntàn yín ń mu ún, tiwa náà ń mu ún. Láàárọ̀ yìí oníléta mú lẹ́tà wá, Banffshire ló wà lẹ́yìn ẹ̀! Nígbà tí wọ́n ń kó bàbá wa lọ sógun, ṣé wọ́n bi í pé apá ibo lára odò ló ti ń pọn omi?

Ẹ má sọ fún mi pé òfin ni. Òfin ò lọ́wọ́, ọwọ́ yín ni mo rí. Ẹ ká ìborùn náà, ẹ tì í sábẹ́ tábìlì, sáàárín àwọn ìgò jáàmù tí kò yege, ojú mi ló ṣe! Ta ló wá gba ipò kìíní? Ẹ wí. Kí lẹ wá ń wo ilẹ̀ fún? Ẹ̀yin ni! Ewé wẹ́wẹ́ tó wà létí ìborùn yín, ṣé kì í ṣe Ishbel ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń hun ún? Ṣé ẹ tiẹ̀ fà á gba inú òrùka? Àfi òrùka imú màlúù!

Mo délé. Ó ti ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé òun ró, ó ti ya irun ẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?" Mi ò mọ irọ́ pa. Mo ní wọ́n ní a kì í ṣe ará Banffshire mọ́. Kò sunkún. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo odò. Ó wá ní, "Netta, ilẹ̀ ibo wá ni mo ń kú sí?"

Ilẹ̀ mọ́, ó tún bi mí. Nígbà tí ohùn ò jáde mọ́, ètè ẹ̀ ṣì ń bi mí, mo ń rí i. Ìdákẹ́ mi ló gbé lọ.

Ẹkún lẹ ń sun? Ẹ nu ojú yín nù. Wilma! Ẹ̀n-ẹ́n, mo pè ọ́ lórúkọ, àǹtí ti tán lẹ́nu mi. Dìde. Àwọn tó máa gbé òkú ẹ̀ lọ sin ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ó ṣì wà nínú yàrá níbẹ̀ yẹn. Fi ìborùn ọmọ mi sílẹ̀ lórí àga. Mú páálí rẹ dání, wọlé tọ̀ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní, apá mi ò ká a, ṣùgbọ́n ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀. Wọlé, dá a lóhùn.

Kí o sì sọ ọ́ sókè. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ láti ìhín.