Èmi Ni Mo Ní Kí Ó Gun Òkè Náà Nígbà Òjò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. N kò lè gbé e mì mọ́, nítorí obìnrin tí mo ṣe níbi tún fẹ́ padà síbi tó ti fara pa.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá. Igbákejì ọ̀gá àgbà wa ni mo ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àǹtí Bísọ́lá. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, n kò sì ní díbọ́n nítorí àtirí ojúrere yín.

Ọmọ mi ń ṣàìsàn lọ́jọ́ kan, mo sì pẹ́ kí n tó ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé. Àǹtí Bísọ́lá dá mi dúró níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí n lọ bá àwọn ọmọ tó pẹ́ kúnlẹ̀. N kò kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúró tì wọ́n, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń rẹ́rìn-ín. Mo dì í sínú láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó fẹ́ pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ní òun fẹ́ gun Òkè Kẹ́ńyà, òkè gíga tó wà lórí ìlà tó pín ayé sí méjì. Àsìkò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló lè ráyè lọ. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Mọ́jí, ìwọ lo mọ jọ́gíráfì. Ṣé Easter ni kí n lọ àbí long vac? August ń bà mí lẹ́rù o. Ṣó o rí bí òjò àti òtútù ṣe máa ń pọ̀ tó nígbà yẹn?"

Bí ọ̀pọ̀ ará Èkó ṣe ń rò ó nìyẹn. Ojú ọ̀run tó wà lórí Sùúrùlérè ni wọ́n rò pé ó wà lórí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé lọ́hùn-ún, ilẹ̀ máa ń gbẹ ní oṣù kẹjọ, àti pé ìgbà ọdún Àjíǹde gan-an ni òjò ńlá ń rọ̀, tó sì ń di yìnyín lókè. Mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún.

Mo ní, "Easter ló dáa jù, mà."

Mo fẹ́ kí òjò pa á ni. Mo fẹ́ kó padà wálé láìdé orí òkè, kí ojú tì í bó ṣe tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, n kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yìnyín ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ó yọ̀ ṣubú lórí àpáta, orúnkún rẹ̀ fọ́, gbígbé ni wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Nínú yàrá àwa olùkọ́, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àṣejù ló kó bá a. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún un pé ó jọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ tàn án ni. Ó gbèjà mi. Ó ní, "Mọ́jí ò lè ṣe irú ẹ̀ sí mi. Weather yẹn kàn yí padà ni." Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó gbèjà mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún pè mí. Ó ní orúnkún òun ti ń san, òun máa padà lọ gun òkè náà. Mo bi í pé ìgbà wo.

"Easter náà ni. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n lo mú un fún mi. Orí ló kàn burú lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní kíláàsì ń dúró dè mí, mo sì jáde. Bí mo bá ní oṣù kẹjọ ló dáa, yóò bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì dákẹ́, orúnkún tó ti fọ́ yẹn ni yóò tún gbé wọ inú yìnyín.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ bá mi kẹ́dùn. N kò tíì fẹ́ràn obìnrin náà, n kò sì rò pé mo máa fẹ́ràn rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó kú. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọlé tọ ẹni tó kórìíra lọ, kó wò ó lójú, kó ní, "Mà, irọ́ ni mo pa fún yín"?