Èjìká Tí Mo Fi Ń Gun Ẹṣin

Má fi ìjánu yẹn sílẹ̀, Sàká! Dì í mú dáadáa, mi ò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wallahi, orí pápá yìí la ó ti sọ ọ́ lónìí, èmi lórí ẹṣin, ìwọ nílẹ̀, nítorí ibi tí o ti ń bú mi, mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ṣé ẹrù ni mí? Dá mi lóhùn. O ní, "Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, ẹṣin ló ń rù ú, kì í ṣe pé ó ń gun ẹṣin, kí wọ́n kúkú máa fi okùn dì í mọ́ gàárì bí àpò ìrẹsì." Ojú ewé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lo kọ ọ́ sí. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, fọ́tò rẹ wà níbẹ̀ tìwọ ti láwàní. Ummuhani ọmọ mi ló rí i ní Ìlọrin tó ti ń kàwé, ló bá pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún, ó ní Bàbá, ta ni wọ́n ń bá wí? Mo ní mi ò mọ̀. Mo parọ́ fún ọmọ mi nítorí tìẹ.

O tún ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi èjìká gbé mi kí n tó lè dé orí ẹṣin. Èjìká ta ni? Haba, Sàká! Ṣé kì í ṣe èjìká rẹ yìí náà ni? Nígbà tí ọlọ́kadà gbá mi ní àdúgbò Kpakungu, tí orúnkún òsì mi kò gbà mí dúró mọ́, ta ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ẹṣin sílẹ̀, èjìká mi ń bẹ"? Ṣé mo bẹ̀ ọ́ ni? Ìwọ lo wá.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ká ní o burú lójúkojú ni, ǹ bá mọ ibi tí mo ti máa bá ọ jà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí o dọ̀bálẹ̀ kí mi, "Ẹ̀gbọ́n, ina kwana," o gbé dusa, èèrí ọkà, wá fún Kílì ẹṣin mi kó lè jẹun yó, o ha ẹrẹ̀ kúrò ní pátákò rẹ̀, o béèrè àlàáfíà ìyàwó mi. Mo sì ti fẹjọ́ rẹ sun ìyàwó mi o! Ó ní, "Sàká wo? Sàká tó ń pọnmi fún wa?" Ó ní ara ló ń dà mí láàmú. Ta ni kí n tún rò ó fún?

Mo kúkú gbìyànjú láti fún ọ lésì. Mo lọ sí káfẹ́ tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Shango, mo sanwó, mò ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri. Kí n tó kọ "Sàká, o ò ṣeun" tán, àkókò mi ti pé, ẹ̀rọ ti pa ojú dé.

Lánàá wàyí, Mùstàphá olórí ẹgbẹ́ wa pè mí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi lóbì, ó ní gbogbo wọn ti ka ohun tí o kọ, wọ́n sì ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ Iléyá, kí n má gun ẹṣin, kí n jókòó sábẹ́ tẹ́ńtì pẹ̀lú àwọn àgbà. Kai! Iléyá tí mo ti ń gun ẹṣin láti ìgbà tí mo ti hu irùngbọ̀n! Báwo ni mo ṣe fẹ́ jà? Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ní àwọn ń bù fún mi. Gbogbo yín lẹ fi ọ̀wọ̀ dè mí mọ́lẹ̀, mi ò lè mira.

Ó dáa, wò mí lójú, kó o sọ ọ́. Sọ pé, "Bàbá Ummuhani, ẹrù ni yín." Tó o bá sọ ọ́ lójú mi báyìí, màá lọ jókòó sábẹ́ tẹ́ńtì. Ilẹ̀ lò ń wò? Mo ní kó o sọ ọ́! Má dọ̀bálẹ̀ o, ta ló ní kó o dọ̀bálẹ̀? Tó o bá fi ìjánu sílẹ̀, tí ẹṣin gbé mi lọ ńkọ́?

To. Wọ́n ti ń pe ìrun Màgàríbì. Mo gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Sún mọ́ mi. Gbé èjìká rẹ wá. Rọra o, orúnkún yẹn nìyẹn. Rọra. Alhamdulillahi.

Ṣé o ń rẹ́rìn-ín ni? Máa rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n tó o bá délé, lọ kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo wọn kà á, pé èmi ni mo dá sọ̀ kalẹ̀.