Àwọn Ọba Róòmù Tó Ń Wá Ojú Wọn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ pé mo wà láàyè láti sọ èyí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi alága ìkórè ni mo tẹ àwòrán ara mi sára ẹnfilóòpù ọrẹ tí a pín lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Orí mi wú, n kò ní purọ́.

Lọ́sàn-án àná, bí mo ṣe gbàdúrà ààwẹ̀ tán, oorun gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan di ọwọ́ mi mú. Ó mú mi gba ibi tútù kan kọjá, mo sì rí ìyá tó máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó di olóògbé, ó jókòó pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní kí n dúró kí i.

Ọkùnrin náà ní, "Kì í ṣe ibí ni wọ́n ti ń retí rẹ."

A dé pápá kan tó gbóná bí ààrò. Owó fàdákà àti owó bàbà àtijọ́ kún ilẹ̀, orí ọba wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin tó dé adé ewé ń rá kiri nínú rẹ̀. Wọn kò ní ojú, wọn kò ní imú, iwájú wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́.

"Àwọn ọba Róòmù nìyí," ni ó wí. "Wọ́n tẹ ojú wọn sára owó, kí ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun má lè ra iyọ̀ láìrí ẹni tó jẹ gàba lé wọn lórí. Ojú ọ̀hún ni wọ́n ń wá."

Ọ̀kan rí tirẹ̀, ó gbé e lé iwájú, owó náà jó o, ó ké, ó jù ú nù, ó tún ń wá a, mo bá gbọ́ ìró òòlù, mo wẹ̀yìn, alágbẹ̀dẹ kan ń lu owó tuntun, ojú mi ni, ẹ̀yin ará, ojú èmi yìí, bó sì ti ń lù ú ni imú mi ń wọlé, mo fọwọ́ kàn án, kò sí imú mọ́!

Mo kígbe, "Baba, èmi kì í ṣe ọba! Owó ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́!"

Ọkùnrin aláṣọ funfun náà ní, "Owó ara wọn làwọn náà fi tẹ tiwọn. Ta ni àwọn ará ìjọ ń mú ọrẹ náà wá fún?"

Mo tún fọwọ́ wá imú mi.

Ìyàwó mi ló jí mi. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ fi imú sílẹ̀, ẹ ò ní lè mí!" Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra fún ògo tí kì í ṣe tiyín. Mo ti sun ẹnfilóòpù tó kù nílé. Ṣùgbọ́n láti ibi tí mo dúró sí yìí, mo ń rí i lọ́wọ́ yín, ẹ ti fi ọrẹ òní sínú rẹ̀. Ẹ yọ ọrẹ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú mi, ẹ fà á ya kí igbá ọrẹ tó dé ọ̀dọ̀ yín.