Àwa Tí A Kàwé Sínú Kásẹ́ẹ̀tì fún Dàpọ̀

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo ń gun àtẹ̀gùn ilé yìí láì dúró mí… Hẹn, ẹ jókòó dáadáa. Ìrètí, yọ nǹkan etí yẹn. Ṣebí ìwọ lo ní kí n sọ ti Dàpọ̀, àbúrò mi? Fóònù yẹn á dúró dè ọ́.

Dàpọ̀ ò ríran. Bíi tìẹ náà ni, ọmọ mi, mi ò ní fi bò. Àìsàn ló gba ojú ẹ̀ ní kékeré. Ọ̀dọ̀ wa ní Festac níbí ló ń gbé, látìgbà tí ìjọba ti fún ọkọ mi ní fúláàtì yìí. Orí ẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ. Nígbà tó wọ yunifásítì láti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà, gbogbo ilé tó wà ní kúlóòsì yìí ló bá wa yọ̀. Àfi òun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, ó ní, "Àǹtí mi, ta ló máa kàwé fún mi níbẹ̀?"

Mo ń ro ọbẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́, kò sí fóònù tó ń kàwé nígbà yẹn o. Lónìí, Ìrètí á ya fọ́tò ìwé, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde. Nígbà yẹn ńkọ́? Ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà wà, ṣùgbọ́n ìwé òfin wo ni wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀? Níbo la ti fẹ́ rí i? Ọkọ mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, òun ló ní, "Ṣebí rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì wà nílé? Ẹ jẹ́ ká máa kà á sí i, ká máa fi ránṣẹ́ sí i."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìlú tí yunifásítì wà, Dàpọ̀ á fi ìwé rán dírẹ́bà ọkọ̀ èrò, a ó lọ gbà á ní gáréèjì Mazamaza. A ó kà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, dírẹ́bà á tún gbé e padà. Bàbá Ṣégun tó wà nísàlẹ̀, ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ ìjọba, á kà á bí ìgbà tó ń dájọ́. Màmá Ngozi, ọmọ Íbò tó kọjú sí wa, á máa sáré kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Èmi? Tí gẹ̀ẹ́sì yẹn bá ti gùn jù, màá kọ́kọ́ gbé itọ́ mì.

Ariwo ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀! Ọmọ tó ń ké, ẹni tó ń gún iyán… Nígbà tí Dàpọ̀ dé fún ọlidé, ó ní, "Ẹ má dá wọn lẹ́kun o. Tí mo bá wọ yàrá ìdánwò, ibi tí Màmá Ngozi ti ń lé ewúrẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ rántí, òfin ibẹ̀ á sì tẹ̀ lé e." Ẹ̀rín pa wá.

Ọdún tó fẹ́ jáde ni wàhálà dé. Bàbá Ṣégun rí kásẹ́ẹ̀tì kan lórí tábìlì wa, ó rò pé òfìfo ni. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi gba orin kúáyà sílẹ̀, ó dá a padà síbi tó wà. Àwa ò mọ̀, la bá fi ránṣẹ́. Ìdánwò ti kù dẹ̀dẹ̀ kí dírẹ́bà tó jíṣẹ́ fún mi: "Àbúrò yín ní kí ẹ tún un kà. Ó ní orin náà dùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní bi òun ní orin. Ó ní tí òun bá fìdí rẹmi nínú èyí, òun ò ní jáde."

Ó ti fi ìwé yẹn rán dírẹ́bà náà. Mo gbà á, mo sáré gbé e wálé.

Ọjọ́ kejì bọ́ sí Sátidé ìmọ́tótó, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde. Gbogbo èèyàn wà nílé. Mo bọ́ sí àgbàlá, mo kígbe, "Ẹ gbà mí o, ẹ wá bá mi kàwé!" Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Wọ́n sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun òkè wá. Tí ohùn ẹnì kan bá há, ẹlòmíì á gbà á. Bàbá Ṣégun ò fẹ́ẹ́ dìde nídìí kásẹ́ẹ̀tì mọ́, ojú ohun tó ṣe ń tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, a ti parí. Mo ṣẹ́ eyín kékeré ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn dànù kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan lé e mọ́, mo gbé e lọ sí Mazamaza fúnra mi.

Ó yege. Ó di lọ́yà! Ẹnu ọ̀nà yìí ló gbà wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú yẹn, tó ń fọwọ́ kan wa lójú níkọ̀ọ̀kan, tó ń dárúkọ wa.

Lónìí ńkọ́? Géètì ti wà, ta ló mọ ẹni tó kọjú sí i? Tí mo bá pariwo ní àgbàlá báyìí, wọ́n á ní orí ìyá àgbà ti dàrú.

Nígbà tí àìsàn dá Dàpọ̀ dùbúlẹ̀, ó ti ní fóònù tó ń sọ̀rọ̀. Ó pa fóònù náà. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kàwé fún mi." Mo ní ìwé wo? Ó ní, "Èyí tó bá wù yín." Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo rí. Mo kà á títí tó fi sùn. Àárò ẹ̀ ń sọ mí, ẹ̀yin ọmọ. Àárò gbogbo wọn ni. Ẹni tó kù nínú àwọn tó kàwé yẹn, èmi nìkan ni.

Ìrètí, jẹ́ kí fóònù kàwé fún ẹ, ọmọ mi. Kà á títí wàá fi ju Dàpọ̀ lọ. Ká ní ó wà láyé ni, ì bá jó. Ṣùgbọ́n máa wá èèyàn mọ́ ọn.

Ojú tèmi náà ti ń ṣú. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti bá mi fi èyí tó ń kàwé sínú fóònù tèmi. Láràárọ̀ ló ń ka Bíbélì fún mi, ó sì mọ̀ ọ́n kà, ká má purọ́. Tó bá ti parí, màá ní, "O ṣé o, o kú iṣẹ́."

Kò dá mi lóhùn rí.