Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Dúró Síta

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kí a tó wọ aṣọ oyè Onílàjà fún Bàbá Ìjọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n máa ní mò ń jowú. Òótọ́ ni, mò ń jowú. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀, èmi ni ẹ ń pè ní oníwàhálà, ẹlòmíràn lẹ sì ń kọrin fún. Inú mi kò lè dùn. Ṣùgbọ́n owú kọ́ ló fi ohun tí mo rí hàn mí.

Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀rọ̀ Màmá Àbẹ̀ní, opó tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó ń kọ́ ilé ìtajà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ti ògiri wọlé dé ìdí àgbọn rẹ̀. Bàbá Ìjọ pe ìpàdé, wọ́n ní kí Màmá ṣe sùúrù kí àlàáfíà lè wà. Ọkùnrin náà gba kànga. Ìpàdé tún jókòó, sùúrù náà ni. Nísinsìnyí, àgbàlá tí ilé ìdáná rẹ̀ wà ló ń bèèrè, ó sì búra pé òun kò ní bèèrè òmíràn mọ́. Lẹ́yìn ìsìn òní ni ìpàdé fẹ́ gbà fún un. Ẹ sì mọ àṣà wa: ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wà nínú yàrá. "Ẹ bọ́ síta ná, Màmá, a ó pè yín." Nígbà tí wọ́n bá fi máa pè é wọlé láti abẹ́ igi máńgòrò, ọ̀rọ̀ ti parí, ó ku kó kúnlẹ̀ kó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ nítorí àgbọn. Ó kúnlẹ̀ nítorí kànga.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀ ọ̀sán, mo nà sórí ẹní nínú yàrá aṣọ ìsìn. Inú mi korò. Mo ní, "Olúwa, ṣé Ìwọ náà ń bá wọn kọrin fún un ni?" Ẹnu àdúrà yẹn ni mo wà tí oorun fi gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tó wọ kakí dúró níbi ẹsẹ̀ mi. Mo mọ ojú náà. Òun ló wà nínú fọ́tò tí ìyá àgbà mi gbé kọ́ ara ògiri, àbúrò bàbá àgbà mi tí wọ́n kó lọ ja ogun àgbáyé kejì ní Bọ́má tí kò padà wálé.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n rán lọ sí yunifásítì?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Dìde. Wá fi ojú rí ohun tí o kà."

A sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru. Èéfín ibẹ̀ wúwo, ó ń wọ àyà bí omi. Àwọn ìjòyè òyìnbó tó ṣẹ́gun nínú ogun àgbáyé kìíní jókòó yí tábìlì kan tó ń jó ká, wọ́n ń bu eérú jẹ.

"Àwọn wọ̀nyí ló di ẹrù lé Jámánì lórí tí wọ́n sì dójú tì í níwájú ayé," ni Bàbá wí. "Nígbà tí kò lágbára, wọn kò ṣàánú. Nígbà tó wá di abúmọ́ni, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni aninilára tó wá ṣe olórí Jámánì lẹ́yìn náà wà, òpùrọ́ tó máa ń búra pé ilẹ̀ tí òun ń gbà yìí ni ìkẹyìn. Iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, ó ń gbé e mì, ó ń wú, ó tún ń la ẹnu fún òmíràn.

Lẹ́yìn náà a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, ará mi, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù dáradára tò síwájú ilẹ̀kùn kan, agboòrùn lọ́wọ́ wọn, fìlà lórí wọn, òdòdó ìyìn lọ́rùn wọn, wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n, ilẹ̀kùn ṣí, ohùn kan ní ẹ wọlé, a ti parí rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́ ẹni tó wà níwájú, wọ́n ju ọwọ́ náà sí ẹranko kan nínú yàrá, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ kó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, wọ́n ní kó bọ́ síta, ọwọ́ náà hù padà, ilẹ̀kùn tún ṣí, ẹranko náà sì ti tóbi sí i.

Mo di apá Bàbá mú. "Kí ni wọ́n ṣe?"

"Olórí àwọn ìlú òyìnbó alágbára ni wọ́n, wọ́n fi ohun tí kì í ṣe tiwọn wá àlàáfíà. Jàpáánì gba ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n bá a wí lẹ́nu lásán. Ítálì wọ Etiópíà, ọba ibẹ̀ dúró níwájú wọn, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń wo àjà. Jámánì bèèrè ilẹ̀ Ṣẹkoslofákíà, wọ́n jókòó gé e fún un, onílẹ̀ wà níta. Wọ́n wá sọ fún onílẹ̀ náà tán, ará ìlú tiwọn ń jó pé àlàáfíà dé. Kò pé ọdún kan tí ogun fi dé. Èmi tí n kò mọ̀ wọ́n rí, àlàáfíà wọn ló pa mí ní Bọ́má."

Orin ìyìn kan ń dún lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láìdákẹ́, ogunlọ́gọ̀ ń pe orúkọ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Kódà nínú iná, ará mi, mo jowú orin yẹn. Bàbá rí ojú mi.

"Ṣé kí n bá ọ gba fìlà ọ̀kan nínú wọn wá ni?"

Mi ò tíì ronú tí ọwọ́ mi fi kan òdòdó ọrùn ẹni tó sún mọ́ mi. Irin gbígbóná ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yunifásítì."

Ó fà mí gòkè, atẹ́gùn tútù fẹ́ sí wa. A dé gbọ̀ngàn kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn àgbẹ̀ Etiópíà wà níbẹ̀, àwọn ìyá láti Ṣáínà àti Ṣẹkoslofákíà wà níbẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń jẹun, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n bọ́ síta. Àwọn tó kígbe ìkìlọ̀ nígbà náà jókòó láàárín wọn, àwọn tí ayé pè ní olùfẹ́ ogun. Ojú wọn tutù. Kò sẹ́ni tó ń kọrin fún wọn, kò sì dà bíi pé wọ́n ń retí orin. Owú mi kúrò lórí fìlà, ó bọ́ sórí ìsinmi wọn. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá, ta ló ni àga yìí?"

"Ṣé ìpàdé yín ti parí ni?"

"Rárá, ó di ọjọ́ Àìkú."

"Kí lo wá ń wo àga fún?"

Mo jí. Òógùn ti rin ẹní mi, àtẹ́lẹwọ́ mi ń ta mí.

Ìkìlọ̀ tí mo gbé wá nìyí, ará mi. Ẹni tó bá gba ilé ìdáná lónìí, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló kàn. Bàbá Ìjọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Aṣọ oyè náà dára, mo ti yọjú wò ó, n kò sì ní bá yín du ú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ilẹ̀ opó rà á.

Màmá Àbẹ̀ní, ẹ má dúró sábẹ́ igi máńgòrò lónìí. Tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wọlé. Tí wọ́n bá ní àṣà kò gbà á, ẹ jókòó sórí àga mi, èmi ni kí wọ́n ní kó bọ́ síta. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì sọ fún yín, Màmá, ẹ má kúnlẹ̀.