Èmi Ni Mo Sọ Pé Ọ̀fẹ́ Ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja: mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò Yorùbá ní ìlú Benin níbí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyẹn. Àga tí wọ́n fẹ́ kí n jókòó lé, irọ́ mi ló lé ẹni tó ni ín dìde.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní New Benin, ṣùgbọ́n mo ti gbé Ekosodin, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, rí, mo sì kàwé nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ń bára wọn ṣòwò. Kò sí ìpàdé tí mi ò ní rán wọn létí. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbéraga díẹ̀ ni, ta ni kò ní tirẹ̀?

Alága wa nígbà náà ni Ìyá Bọ̀sẹ̀, tó ń ta abọ́ ike. Ìyá yìí kì í dá ohun rere jẹ. Tó bá rí ibi tí ata ti dínwó ní ọjà Oliha, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wa la máa gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ orí fóònù rẹ̀ pé àwọn ọ̀gá kan láti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ń bọ̀ wá bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ lórí “free trade”. Ó gbé e wá bá mi. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ló wà lẹ́nu mi.

“Akọ̀wé, ọkọ mi, kí ni wọ́n ń wí?”

“Ọjà ọ̀fẹ́ ni, Ìyá.”

“Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ṣé ọ̀fẹ́ tí a mọ̀?”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó yẹ kí n ṣàlàyé pé àwọn orílẹ̀-èdè ni kò ní máa gba owó ibodè lórí ọjà ara wọn mọ́, pé ẹni tó bá ra ọjà ṣì máa sanwó ọjà. Àlàyé yẹn gùn, ebi sì ń pa mí. Mo ní, “Ìyá, ọ̀fẹ́ ni ọ̀fẹ́ ń jẹ́.”

Yéè! Ìyá kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ gbé e dé mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn kan gbé àpò ìrẹsì òfìfo dání, àwọn kan ru báfù. Bàbá kan háyà kẹ̀kẹ́, ó ní kó dúró de òun lẹ́nu géètì. Inú ọ̀gá àlejò dùn débi pé ó ń ya fọ́tò. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí aráàlú ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ òwò àgbáyé tó báyìí.

Èmi ni ògbufọ̀. Bí mo ṣe rí àwọn àpò yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo dáràn. Ojú tì mí, mi ò lè là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá náà ní ọjà á máa wọlé láti Gánà àti Kútọnu láìsan owó ibodè. Mo ní, “Wọ́n ní ọjà á máa wọlé láti Gánà àti Kútọnu, a ò ní san...” Àtẹ́wọ́ ò jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Obìnrin kan nawọ́. “Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó o?” Mo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì pé ó ń bi í pé ìgbà wo ni àdéhùn náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá a lóhùn.

“Wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́,” ni mo túmọ̀ fún wọn.

Àwọn àlejò pín fìlà àti báírò fún wa, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ. Bàbá tó háyà kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ lanu: “Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, ta ló ti ń bá wa gbà á?”

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Bọ̀sẹ̀. Abọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti Kútọnu lọ́sẹ̀ yẹn. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á, àwọn aṣọ́bodè sì gba tiwọn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Ó yíjú sí mi. “Akọ̀wé, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí níbí yìí. Mo tún táì mi ṣe. Mo ní, “Rárá o, Ìyá. Òwò tí kò ní ìdènà ni mo sọ.”

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá máa ń fọwọ́ sí àdéhùn, tó bá wá kàn wọ́n, wọ́n á ní ohun tí àwọn sọ kọ́ nìyẹn. Mo bú wọn dáadáa nínú ìdánwò. Èmi náà rèé.

Wọ́n yọ Ìyá kúrò nípò. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ wa tí wọn kì í fi Yorùbá dáhùn náà ń pè é ní Mama Free. Kò wá sípàdé mọ́. Tó bá rí ibi tí ata ti dínwó báyìí, á ra tirẹ̀, á gba ilé lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rán ìyàwó mi lọ ra abọ́ tí àwọn àlejò mi máa fi jẹun lọ́jọ́ ìwúyè. Ọ̀dọ̀ Ìyá ló lọ, nítorí kò mọ nǹkan kan nípa irọ́ mi. Ó kó abọ́ dé, owó tí mo fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Ìyá kọ̀, kò gba owó, ó ní kí òun sọ fún Akọ̀wé pé, “Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ tí a mọ̀ ni.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, ó pòṣé, ó sì kó àwọn abọ́ náà sí iwájú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ilé Ìyá ni kí n kọ́kọ́ lọ, àbí kí n dúró di ọjọ́ Àìkú, kí n dìde sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́? Ìyàwó mi ní kí n ṣe méjèèjì. Mo ti gbìyànjú ohun tí mo máa sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo pè é ní àṣìṣe ògbufọ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Yorùbá, irọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.