Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Sọ Nípa Mofolúwakẹ́

Ọjọ́ tí wọ́n wá bá mi ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ìnísà láti sọ pé Mofolúwakẹ́ ti kú, mo ń sunkún, mo ń bi wọ́n pé, "Kí ló ṣe é?" Irọ́ ni mo ń pa. Mo mọ ohun tó ṣe é, n kò sì ní lè gbé e sínú mọ́.

Ọmọ Ọmọ́jọlá, àbúrò mi tó ń gbé ní Òkukù, ni. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìkìrun ló ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́dún 1991 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ, ó ní ààwẹ̀ ni òun ń gbà. Ìyá ìjọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà a máa sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ìyá Titus, ẹ jẹ́ kó wá kọ́ wa, àwa tí a ń gbààwẹ̀ tí ojú wa ò kúrò lára aago!" Egungun èjìká ọmọ náà ti yọ síta, èmi òmùgọ̀ sì ń pè é ní ìwà mímọ́.

Nígbà tó dákú, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan sì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Mà, kì í ṣe ààwẹ̀. Oúnjẹ ló ń bà á lẹ́rù. Àìsàn ni. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ wà ní Ifẹ̀, ẹ gbé e lọ." Mo gbọ́ "ọpọlọ", mo ti ń rí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń nàka sí ilé wa. Mo sọ fún Ọmọ́jọlá pé nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan.

Èyí tó burú jù nìyí. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ jẹun, kò kàn ṣeé ṣe ni. Kí ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ?" Mo ní, "Ó ní kí o máa gbàdúrà." Mo mú un lọ sí ilé àdúrà ní Òkukù, wọ́n fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀ fún un, mo ṣe àmín. Ibẹ̀ ló kú sí.

Lọ́dún 1997 yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, Jemima, bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń rù. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ òótọ́ fún àwọn òbí rẹ̀, títí kan ti Mofolúwakẹ́. A gbé e lọ sí Ifẹ̀. Ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Lánàá tó jẹun lọ́dọ̀ mi, ó ní ọbẹ̀ mi kò níyọ̀.

Mo wá kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi, mo jẹ́wọ́, mo sì sọ ti Jemima fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. N kò tíì lè ní mo ti dárí jì yín. Ìgbà wo lẹ tún ń mú ọmọ yẹn lọ sí Ifẹ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí oúnjẹ bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ sọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá purọ́ fún yín, ẹ sọ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èyí, ẹ foríjì mí.

Ọjọ́ tí èmi, Ọmọ́jọlá àti Jemima ń lọ sí Ifẹ̀ bọ́ sí àyájọ́ ikú Mofolúwakẹ́. Ní gáréèjì Ìkìrun, Ọmọ́jọlá bó ọsàn fún wa lórúkọ ọmọ rẹ̀, ó fún Jemima ní tirẹ̀, ó sì kọjú sí títì, kí ọmọ náà lè mu ún láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.